Ta Ló Sọ Pé Mò Ń Bínú?

Dìde nílẹ̀, Ọmọ́yẹmí, mo ní kí o dìde! Ìwọ náà? Ìwọ tí a ti jọ ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó fara kanra láti ọdún mẹ́tàlélógún, ìwọ náà wá kúnlẹ̀ ń bẹ̀ mí? Gbé obì rẹ kúrò níbẹ̀. Wàláhì, n kò bínú sí ẹnikẹ́ni! Ojú mi ló le, inú mi kò le!

Àìsàn ni, jàre. Pàkínsìnì ni dókítà pè é, ó máa ń mú ojú ẹni le bí igi, kó má lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, gbogbo yín rí i, ẹ tilẹ̀ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń yára fa tẹ̀sùbáà ju Lèmọ́mù lọ. Àárẹ̀ ńkọ́? Ta ló rí àárẹ̀? Mo sùn títí, mo jí, ó ṣì rẹ̀ mí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru sìmẹ́ǹtì. Èmi tí mò ń ru ẹrù aṣọ gun òkè ìlú Atakpamé yìí láìsinmi! Báyìí, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀ ti di òkè sí mi lẹ́sẹ̀. Tó bá tún yá, ìbànújẹ́ á kàn dé. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó bú mi, omi á kàn máa bọ́ lójú mi sínú ẹ̀kọ. Mo jókòó láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi. Ó ń dùn mí, Ọmọ́yẹmí. Ó ń dùn mí gan-an.

Dókítà sì sọ ọ́! Ó fi Faransé sọ ọ́ fún Sírájúdéènì ọmọ mi létí mi, ó ní àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ yẹn wà lára àìsàn náà, kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ, kí wọ́n má pè é ní ìbínú, ó ní oògùn wà, kí a padà wá. Kí lọmọ mi wá túmọ̀? "Ìyá, ó ní ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n." Ẹ gbà mí o! Ṣé dókítà ni yóò sọ fún mi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n? Ojú ló ń tì í, kí aráyé má baà ní orí ìyá rẹ̀ ti yí. Ó rò pé n kò gbọ́ Faransé, èmi tí mo ti ń fi Faransé bá àwọn aṣọ́bodè jà kí n tó lóyún rẹ̀! Mo dákẹ́, nítorí ó rẹ̀ mí.

Ni wọ́n bá ní Ìyá ń di kùnrùngbùn. Jímọ̀ tó kọjá, mo rí Lèmọ́mù, mo rí àgbà mẹ́rin pẹ̀lú obì, Sírájúdéènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Àmírátù ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní n kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ wo ojú yín, Ìyá, ẹ fi tỌlọ́run ṣe é." Bí mo ṣe ń sẹ́ ẹ ni ẹ̀bẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohùn mi tó ti lọ sílẹ̀, wọ́n ní ìbínú ló gbé e mì!

Ni kálukú bá ń jẹ́wọ́. Àmírátù ní òun lòun mú àǹkárá mi tó sọnù, òun ti fi dáṣọ fún ìyá òun. Ṣé mo mọ̀ pé ó sọnù ni? Lèmọ́mù pàápàá ní kí n má bínú sí wáàsí tóun ṣe lórí àwọn arúgbó tí kò lọ́yàyà. Ni Sírájúdéènì bá bú sẹ́kún, ó ní òun mọ ẹni tó wá sọ fún mi, òótọ́ ni, òun ní ìyàwó mìíràn tó jẹ́ ọmọ apẹja ní Nangbéto, ọmọ wọn sì ti pé oṣù mẹ́jọ! Lójú Àmírátù! Àmírátù tú gèlè, ó fi gbàjá, ó nawọ́ sí ọmọrí odó. Àwọn àgbà tó wá bẹ̀ mí wá ń wá ibi tí bàtà wọn wà.

Ká ní Sírájúdéènì jíṣẹ́ dókítà fún wọn ni, àṣírí rẹ̀ ìbá ṣì wà ní bíbò!

Ìwọ ni wọn yóò gbà gbọ́, ojú tìrẹ ṣì ń fi inú rẹ hàn. Jáde lọ bá wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, sọ fún wọn pé àárẹ̀ ni, ìbànújẹ́ ni, àìsàn ni. Kí Sírájúdéènì gbé mi padà lọ bá dókítà lọ́la, kó sì túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá tún kúnlẹ̀ fún mi nínú ilé yìí, màá bínú!

Kí lò ń fọwọ́ bo ẹnu sí? Ọmọ apẹja ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Rín in, jàre! Láti oṣù mẹ́ta, òun nìkan ló pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Wò mí dáadáa, Ọmọ́yẹmí, ẹ̀rín ni mò ń rín yìí o! Ojú ló kọ̀. Bá mi rín tèmi mọ́ tìrẹ, kí wọ́n gbọ́ ọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.