Ẹja Jónà Tó Lẹ́sẹ̀

[Ẹni tó pè ni Akínlolú, ayàwòrán, láti inú yàrá kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Ẹni tó gba ìpè náà ni Mọ́mì Agnes, ìyá ẹ̀, ní ìlú Oǹdó. Ọ̀sán Sátidé ni, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Iná ti lọ láti Ọjọ́rú, epo bẹntiróòlù ti di ohun tí èèyàn ń fojú lásán wò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe bí òṣìṣẹ́ tí wọn ò san owó oṣù fún. Fóònù dún títí ó fẹ́ẹ̀ sú u kí wọ́n tó gbé e.]

MỌ́MÌ: Hẹ̀lóò! Ta nìyẹn?

AKÍN: Mọ́mì, èmi ni. Ẹ káàsán mà.

MỌ́MÌ: Ta?

AKÍN: Akínlolú!

MỌ́MÌ: Háà, Akín mi! Ọkọ mi! Ṣé àlàáfíà ni? Àkúrẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?

AKÍN: A dúpẹ́ mà. Mọ́mì, mo fẹ́—

MỌ́MÌ: O ti jẹun?

AKÍN: Mo ti jẹun. Ẹ jọ̀ọ́—

MỌ́MÌ: Kí lo jẹ?

AKÍN: Gàrí.

MỌ́MÌ: Pẹ̀lú kí ni?

AKÍN: Pẹ̀lú omi, Mọ́mì! Ẹ gbọ́ mi ná. It's urgent.

MỌ́MÌ: Olúwa ṣàánú wa. Ta ló kú?

AKÍN: Kò sẹ́ni tó kú.

MỌ́MÌ: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. O fẹ́ já mi láyà ni ọmọ yìí. [Ìró síbí nínú ìkòkò.]

AKÍN: Ṣé ẹ rántí géèmù tí mo sọ fún yín, tí àwọn òyìnbó kan ń ṣe? Tí mò ń ya ẹranko fún?

MỌ́MÌ: Àwọn ẹranko burúkú wọ̀nyẹn.

AKÍN: Iṣẹ́ mi ni, Mọ́mì. Ẹranko ayé mìíràn ni wọ́n, ayé tó wà lókè lọ́hùn-ún láàárín àwọn ìràwọ̀.

MỌ́MÌ: Tiwa tí a wà nínú ẹ̀ yìí, ta ló gbádùn ẹ̀ tán tí ẹ fi ń wá òmíì?

AKÍN: [Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín.] Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn dà bí ẹja. Ó lẹ́sẹ̀ méjì, ojú wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Mo tún un yà fún wọn lóṣù tó kọjá. Òun ni wọ́n fẹ́ràn jù, òun ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú géèmù náà.

MỌ́MÌ: Ẹja tó lẹ́sẹ̀.

AKÍN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan wá dìde níbẹ̀ lánàá, ó ní èmi kọ́ ni mo ronú ẹ̀. Pé AI ni, pé kọ̀ǹpútà ló yà á fún mi. Ẹsẹ̀ olójú yẹn gan-an ló ń jà lé lórí.

MỌ́MÌ: A ò bí i ire! Kí lorúkọ ẹ̀? Kí lorúkọ bàbá ẹ̀?

AKÍN: Ẹ jẹ́ ká fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n fi èyí tí mo kọ́kọ́ yà ránṣẹ́, èyí tí ọjọ́ wà lára ẹ̀, kó tó lu aago méjì òní. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n máa yọ orúkọ mi, wọ́n á gbé ẹja náà fún ẹlòmíì. Ẹja mi, Mọ́mì! Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń yà á.

MỌ́MÌ: Àwọn ìwé tí o máa ń yà á sí ńkọ́?

AKÍN: Òjò ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nígbà tí atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé tí mo gbé ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láyé yìí. Èyí tó wà lára ògiri Sunday School yín.

[Ìró síbí dákẹ́.]

AKÍN: Mọ́mì? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MỌ́MÌ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí mà burú o.

AKÍN: Mò ń gbọ́ yín kedere.

MỌ́MÌ: Ó ń já. Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò?

AKÍN: Kò já, Mọ́mì! Ẹ̀yìn ilé yín ni gbọ̀ngàn yẹn wà. Ẹ kàn rìn débẹ̀, kí ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò ẹ̀ fún mi. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

MỌ́MÌ: Ẹ̀wà ń bẹ lórí iná, ọkọ mi.

AKÍN: Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

MỌ́MÌ: Ebi á wá máa pa pẹ́ńtà.

AKÍN: Pẹ́ńtà wo?

MỌ́MÌ: Lawrence ni. O mọ Lawrence, àbúrò—

AKÍN: Kí ni Lawrence ń kùn, Mọ́mì?

MỌ́MÌ: Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé o rí i. Èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n ní kí gbogbo àyíká mọ́ tónítóní—

AKÍN: Kí ló ń kùn?

MỌ́MÌ: Ògiri.

AKÍN: Ògiri wo?

MỌ́MÌ: Ṣé o máa wálé fún Ìkórè? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ.

AKÍN: Mọ́mì!

MỌ́MÌ: Ògiri tí ẹja wà.

[Nǹkan wó lulẹ̀ gbàà ní Àkúrẹ́. Àga ni. Akínlolú ló ṣàdédé dìde.]

AKÍN: Yéè! Mo gbé! Ta ló ní kó kùn ún?

MỌ́MÌ: Ìgbìmọ̀ ni.

AKÍN: Ta ni alága ìgbìmọ̀?

MỌ́MÌ: Ìbéèrè ẹ ti ń pọ̀ jù o! Goodness, ọmọ Bímbọ́lá, kò wọ Sunday School láti oṣù mẹ́ta, ó ní ẹja ń wo òun. Ẹja Jónà ni wọ́n ní kí o yà, Akín! Ẹja wo lo rí tó ń fẹsẹ̀ rìn?

AKÍN: Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló pọ Jónà sí. Báwo ló ṣe fẹ́ débẹ̀?

MỌ́MÌ: Ojú àtẹ́lẹsẹ̀ ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?

AKÍN: Ẹ̀yin ni.

MỌ́MÌ: Èmi kẹ̀?

AKÍN: Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹsẹ̀ kọ. "Fojú sílẹ̀, Akínlolú! Fojú sílẹ̀ rìn!" Mo wá ya ẹja tó fojú sílẹ̀.

[Ìyá ẹ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ jáde.]

MỌ́MÌ: Orí ẹ ò pé, ọmọ yìí.

AKÍN: Mọ́mì, ẹ bá mi sáré. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ó ti lé ní aago kan ààbọ̀.

MỌ́MÌ: Ó yá, ó yá. Jẹ́ kí n wé gèlè.

AKÍN: Gèlè kẹ̀?

MỌ́MÌ: Ilé Ọlọ́run ni! Mi ò lè gbé orí lásán wọbẹ̀ nítorí ẹja. Dákẹ́ ná, mò ń wé e lọ́wọ́.

[Ìró aṣọ. Ilẹ̀kùn. Bàtà ń lu ilẹ̀ ṣápá-ṣápá. Adìyẹ kan figbe ta, ó sá lọ́nà fún un.]

MỌ́MÌ: Ṣé o gbọ́ mi?

AKÍN: Mo gbọ́ yín. Ẹ máa bọ̀.

MỌ́MÌ: Ẹ kú ìsinmi o, Bàbá Rufus! Mi ò lè dúró o! ... Bẹ́ẹ̀ ni, Akínlolú ni. Ó ní kí n kí yín. Akín, kí Bàbá Rufus.

AKÍN: Mọ́mì, àsìkò—

MỌ́MÌ: Mo ní kí o kí àgbàlagbà!

AKÍN: [Ó pariwo.] Ẹ káàsán sà!

MỌ́MÌ: Wọ́n ní kí o kú iṣẹ́. Wọ́n ní ìgbà wo lo máa mú ìyàwó w— ... lẹ́yìn ... Ìkórè—

AKÍN: Hẹ̀lóò? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mọ́mì!

MỌ́MÌ: —mo ti ń wọlé. Lawrence! Lawrence, dúró! Sọ róólà yẹn kalẹ̀!

LAWRENCE: [láti òkè àkàbà] Ẹ̀wà ti jinná, mà?

MỌ́MÌ: Ẹ̀wà kọ́! Sọ̀ kalẹ̀! ... Háà.

AKÍN: Kí ni?

MỌ́MÌ: Akín mi.

AKÍN: Mọ́mì, kí lẹ rí?

MỌ́MÌ: Ó ti kùn ún.

AKÍN: Gbogbo ẹ̀?

MỌ́MÌ: Orí ti lọ. Ìrù ti lọ. Jónà náà ti lọ. Funfun báláú ni gbogbo ẹ̀.

LAWRENCE: Second coat ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, mà. Ẹja yẹn lágídí. Èyí tí mo kọ́kọ́ kùn, ṣe ló tún ń yọjú.

[Ní Àkúrẹ́, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló ń kùn lọ́nà jíjìn.]

MỌ́MÌ: Akín? Ṣé o gbọ́ mi? Má dákẹ́ mọ́ mi lórí, jọ̀ọ́. Sọ nǹkan. Bínú sí mi, kó tán níbẹ̀.

AKÍN: Mi ò lè bínú sí yín. [Omi ti fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀, ó ń fi ikọ́ bò ó.] Ẹ ò mọ̀ pé mo máa nílò ẹ̀.

MỌ́MÌ: Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí lo máa ń bèèrè ẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n kùn ún, mi ò sọ fún ẹ. Goodness kọ́ o, ọkọ mi. Èmi ni. Ojú ló ń tì mí.

AKÍN: Ojú kí ni?

MỌ́MÌ: Ohun tí o kọ sábẹ́ ẹ̀.

AKÍN: Orúkọ mi?

MỌ́MÌ: Orúkọ ẹ nìkan ni? O kọ ọ́ gàdàgbà: "Akínlolú ọmọ Agnes ló yà á." Agnes! Gbogbo ìjọ kà á. Mo bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á ní Ìyá Ẹja ti dé. Vicar ìgbà yẹn pè mí sí vestry, ó ní kí ni mo ń fún ọmọ yìí jẹ. Ẹkún ni mo sun délé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé kóbọ́ọ̀dù ìwé orin lọ dí i.

AKÍN: Kóbọ́ọ̀dù wo?

MỌ́MÌ: Èyí tó wà ní igun ibí yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti— Lawrence!

LAWRENCE: Mà?

MỌ́MÌ: O kùn ẹ̀yìn kóbọ́ọ̀dù yẹn?

LAWRENCE: Ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ̀? Ìyẹn ... mo fẹ́ kùn ún, mà. Ẹ má bínú. Ó wúwo ni, mo ní ta ló máa débẹ̀ lọ wò, mo kàn kùn ún yí ká—

MỌ́MÌ: Olúwa á bù kún ìwà ọ̀lẹ ẹ! Wá gbé e!

AKÍN: Mọ́mì, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

MỌ́MÌ: Dúró ná! Lawrence, fà á. Fà á síhìn-ín! Ẹ̀yìn mi o!

[Igi ń ha sìmẹ́ńtì gìrìrì. Ìwé orin ya lulẹ̀. Lawrence sín lẹ́ẹ̀mẹta, ekuru ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.]

AKÍN: Mọ́mì? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MỌ́MÌ: Ó wà níbí.

AKÍN: Kí ló wà níbẹ̀?

MỌ́MÌ: Ẹsẹ̀ méjèèjì. Ojú wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń wò mí báyìí, Akín. Ojú orí ẹ̀ nìkan ni Goodness rí o, kò tíì rí èyí.

AKÍN: Kíkọ ńkọ́? Ọjọ́ ńkọ́?

MỌ́MÌ: Jẹ́ kí n ... gíláàsì mi wà nílé. Lawrence, kà á.

LAWRENCE: "Akínlolú ọmọ Agnes ló yà á. 14 November 2009."

AKÍN: [Ó ń fò sókè, gbogbo ilé ń gbọ́.] Ẹsẹ̀ yẹn náà ni! Òun gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí! Ẹ yà á, Mọ́mì, ẹ yà á kíákíá!

MỌ́MÌ: Èmi kọ́ ló máa yà á o, èmi tí mo máa ń gé orí èèyàn kúrò nínú fọ́tò. Lawrence, gbà. Nu ọwọ́ ẹ ná!

LAWRENCE: Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, mà. Kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń jẹ́ Agnes.

MỌ́MÌ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ó mọ ohun tó ń sọ. Gèlè mi tọ́?

AKÍN: Ó tọ́, Mọ́mì!

MỌ́MÌ: Ìwọ tí o wà ní Àkúrẹ́, kí lo rí?

[Kàmẹ́rà ró: káṣá. Ó tún ró: káṣá.]

LAWRENCE: Ó ti wọlé. Ó mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ lórí WhatsApp o.

AKÍN: Kò ní lọ bí ìpè bá ṣì wà lórí ẹ̀. Bí fóònù Mọ́mì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ gé ìpè yìí, ó máa lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

MỌ́MÌ: Kó tó di pé mo gé e, jẹ́ kí n gbàdúrà fún ẹ.

AKÍN: Ẹ gé e kí ẹ tó gbà á!

MỌ́MÌ: Olúwa á jà fún ẹ. Ojú ò ní tì ẹ́.

AKÍN: Àmín. Ẹ gé e, mà.

MỌ́MÌ: Àwọn tó ní o ò lè ronú, ìwọ ni wọ́n máa wá bèèrè ìrònú lọ́wọ́ ẹ̀.

AKÍN: Àmín! Ìṣẹ́jú méje!

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti ń já láti àárọ̀, ó wá mọ́ gaara bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkà ni àwọn tó ni ín.]

MỌ́MÌ: O máa wálé fún Ìkórè?

AKÍN: Màá wá. Màá tún ẹja yẹn yà, orí ẹ̀, ìrù ẹ̀, Jónà, gbogbo ẹ̀. Ẹ gé e!

MỌ́MÌ: Ya ẹ̀rín sẹ́nu ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí nítorí Goodness. Má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀. Akín?

AKÍN: Mà?

MỌ́MÌ: Kóbọ́ọ̀dù yìí, mi ò ní gbé e padà síbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n máa kà á. Ṣé o gbọ́ mi?

AKÍN: Mo gbọ́ yín, Mọ́mì.

MỌ́MÌ: Lawrence, ó ní òun gbọ́. Níbo ni mo ti máa tẹ̀ ẹ́, ṣé pupa yìí ni, àbí—

[Ìpè já.]