Dúdú Tí Kì Í Ṣe Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ ní yàrá fọ́tò nílé ìwòsàn, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Èmi àbúrò wọn, èmi télọ̀, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi. Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n mú.

Ta ni kò mọ ìnagijẹ ẹ̀gbọ́n mi níbí? Tún-un-wò. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n á dé títì, wọ́n á padà wá fà á wò. Wọ́n á ṣa ìrẹsì, wọ́n á tún un ṣà. Bàbá tó jókòó síwájú yìí ni ọkọ wọn: ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbà. Àna mi, ṣé mo purọ́? Ẹ wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìwà tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n wà láàyè.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, imú mi dí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi wú, orí ń fọ́ mi. Bẹ́ẹ̀, mo ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn ní ọ̀fìnkìn ni. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ò gbà. Wọ́n wọ́ mi lọ síbi iṣẹ́ wọn, dókítà buwọ́ lù ú, wọ́n tẹ́ mi sínú ẹ̀rọ aláriwo yẹn, wọ́n ya fọ́tò inú orí mi. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oògùn kan, èyí tó ń mú kí ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ń dé tàn yòò, wọ́n tún un yà.

Dókítà tó ń ka fọ́tò, ọmọ wa tó jókòó sáàárín yín yẹn ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ nígbà yẹn. Ó wo fọ́tò kejì, ó ní imú mi mọ́. Dúdú tó wà lápá òsì, afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń rí nínú fọ́tò nìyẹn. Kí n máa lọ sílé. Mo ti wọ bàtà kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n wọ èkejì. Wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Dókítà ní iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yà á, iṣẹ́ tòun ni kí òun kà á. Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú. Wọ́n ní:

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹran wà níbẹ̀. Ṣé afẹ́fẹ́ lè gba ipò ẹran láàárín fọ́tò méjì? Ẹran tó ti kú, tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́, lẹ ń wò yẹn."

Ó fa àga, ó jókòó, ó wò ó títí. Nígbà tó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló sáré pe oníṣẹ́ abẹ.

Irú ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, òun ló ń jẹ inú imú mi lọ. Oníṣẹ́ abẹ ní bí mo bá lọ sùn sílé, ojú òsì mi á lọ, lẹ́yìn náà ó kan ọpọlọ. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gé e kúrò. Eyín mẹ́ta bá a lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́, eyín ni.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ka fọ́tò kejì ní yàrá yẹn láì gbé àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà wa yìí ló máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi fi òfin yìí kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí àìsàn ọkàn ti dá ẹ̀gbọ́n mi dúbúlẹ̀, wọ́n gbé obìnrin olùkọ́ kan wá sí yàrá fọ́tò náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló rí dúdú náà, ọjọ́ kejì tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ olùkọ́ náà wú. Wọ́n tètè gé e kúrò, olùkọ́ náà ti padà sí kíláàsì. Mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n tún un wò?" Mo ní wọ́n tún un wò. Wọ́n di ojú, inú wọn dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ o. Kí ọ̀nà mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ má padà wá fa ilẹ̀kùn wò. Mo ti fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú méjèèjì tí ẹ ò jẹ́ kí n pàdánù ni mo fi ń sìn yín lọ.