Èmi Ni Mo Gba Ipò Kìíní Lọ́wọ́ Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. N kò lè jókòó lójú kan mọ́. Bí mo bá wọlé, mo tún jáde. Ohun tí ìyàwó mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Onífọ́tò ni mí ní Ìlaròó. Nígbà tí ìjọba ológun ti ẹnubodè pa, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà méjì la ní. Èyí àtijọ́ ní fèrèsé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ lèèyàn ń wò. Ojú ẹni kì í kúrò lára ohun tó ń yà, kódà nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tuntun ní dígí nínú. Inú lẹ́ǹsì gan-an lèèyàn ń wò, ó sì ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Àmọ́ béèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, dígí yẹn á gbéra, ojú á ṣú bí ìṣẹ́jú akàn.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ká wá ya eré ìje wọn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èyí àtijọ́ ni kó o mú. Eré sísá ni, jẹ́ kójú ẹ wà níbẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Èyí tuntun ni mo gbé kọ́rùn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i lọ́rùn mi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Nínú eré àwọn ọmọbìnrin, àwọn méjì ló jọ dé ìdí okùn tí wọ́n ta sí òpin eré. Ọ̀kan wọ pupa, ọ̀kan wọ búlúù. Mo tẹ kámẹ́rà. Ojú mi ṣú. Kó tó mọ́lẹ̀, okùn ti já, àwọn méjèèjì ti kọjá. N kò rí ẹni tó ṣáájú rárá.

Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá yíjú sí mi. "Onífọ́tò, ìwọ lo dojú kọ wọ́n. Ta ló ṣáájú?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Bí mo bá ní n kò rí nǹkan kan, kí ni mo wá gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn fún? Ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran tó wọ aṣọ pupa ni ariwo ti pọ̀ jù. Mo ní, "Pupa ni."

Wọn kò lè dúró de fọ́tò. Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ la ti ń ra oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, ẹnubodè sì wà ní títì. Ọmọ aláṣọ pupa ni wọ́n fún nípò kìíní, òun ló sì lọ Abẹ́òkúta lọ sáré fún ilé ẹ̀kọ́. Bàbá aláṣọ búlúù, tí òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ nítorí ẹnubodè yẹn kan náà, ní kí ọmọ wá bá òun roko ní Eggua. Kò sáré mọ́. Kò sì padà sílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ẹnì kan gba inú igbó gbé oògùn wọlé, mo fọ fíìmù náà. Búlúù ló ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé fọ́tò ìdí okùn dà. Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo fi í pa mọ́, n kò lè jó o.

Sìkírátù ni aláṣọ búlúù. Òun ni ìyàwó mi. Ó wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rọ̀ wa sì wọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run gbọ́. Ó mọ̀ pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń bá mi jiyàn lójú àwọn ọmọ wa pé òun lòun kọ́kọ́ kan okùn. Wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ wa sunkún dé láti ilé ẹ̀kọ́ pé òun ṣáájú, wọ́n sì fi òun sípò kejì. Sìkírátù fà á mọ́ra. Ó ní, "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Bàbá àgbà ẹ ló rí mi, ojú onífọ́tò ò sì lè tàn án. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé n kò ṣáájú lóòótọ́." Kò bínú rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá gbé fọ́tò náà fún un, yóò bi mí bóyá ìfẹ́ ni mo fi fẹ́ ẹ, tàbí mo kàn ń san ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ mi ti di òótọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́, kó tó gbàgbé pé òun jiyàn rí.