Òdo Tí Mo Kọ Sára Káàdì, Ìyá Ọkọ Mi Ló Ń Jẹ̀bi Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo ti ń gbé kiri fún ohun tó lé lọ́dún méjì. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá ni ìyá ọkọ mi wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi.

Ìlọrin là ń gbé, ní GRA. Ọkọ mi fẹ́ràn ẹja, kì í ṣe ẹja inú ọbẹ̀ o. Ó gbé àpótí dígí ńlá kan sí pálọ̀, ó po omi oníyọ̀ sínú rẹ̀, ó wá kó ẹja òkun síbẹ̀: àwọn kéékèèké aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun, àti àwọn ìgbín òkun tó máa ń rọra lá ara dígí. Mo máa ń sọ fún un pé òkun jìnnà sí Ìlọrin, kí ló dé tí kò ra ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, iwájú ẹja yẹn ló máa ń jókòó sí, ara rẹ̀ á balẹ̀. Torí náà mo gbà.

Omi ni wàhálà ibẹ̀. Omi inú àpótí náà máa ń fà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, omi tó mọ́ gaara la sì gbọ́dọ̀ fi bù kún un. Omi kànga ẹ̀rọ wa kò dára fún wọn. Ọkọ mi ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ síńkì. Ó tún ra mítà kékeré kan tó rí bíi bírò, tó ń ka ohun tó yòrò sínú omi. Tí a bá ti ẹnu mítà yẹn bọ omi tí ẹ̀rọ sẹ́, òdo ló gbọ́dọ̀ gbé jáde. Tó bá ju òdo lọ, fílítà inú ẹ̀rọ ti ń kú nìyẹn, a kò gbọdọ̀ da omi náà sí ẹja. Nọ́ńbà tí a bá rí, a ó kọ ọ́ sára káàdì tó lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n rán ọkọ mi lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Ìyá Habibat, káàdì yẹn o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá èmi àti ọmọ gbé, kí ilé má baà dá.

Ọmọ àárín ìlú ni Ìyá, wọ́n mọ turari í ṣe. Wọ́n á pò ó fúnra wọn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á fọ́n ọn sórí iná èédú ní pálọ̀, gbogbo ilé á máa ta sánsán. Wọ́n ní òórùn tí bàbá ọkọ mi fẹ́ràn jù láyé nìyẹn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bátìrì mítà kú. Bátìrì roboto tí wọ́n ń fi sínú aago ni, ó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ní òpópónà Táíwò. Ẹ jọ̀ọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń gba Táíwò kọjá. N kò sọ̀kalẹ̀ rà á, torí mo ní ọgbọ́n tèmi. Ṣáájú ààwẹ̀ ni mo ti máa ń fi ahọ́n tọ́ omi náà wò. Èyí tí ẹ̀rọ bá sẹ́ dáadáa máa ń tẹ́ lẹ́nu. Omi kànga wa ní tiẹ̀ máa ń ṣe bí irin. Mo gbà pé ahọ́n mi tó mítà.

Àmọ́ mò ń gba ààwẹ̀. Ọ̀sán ni mo máa ń bu omi sí ẹja, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí dáná ìṣínu, n kò sì fẹ́ fi omi kan ẹnu. Mo ní tí mo bá ṣínu tán màá tọ́ ọ wò. Tí mo bá ṣínu tán, ìrun àṣámù ti yá, ó ti rẹ̀ mí. N kò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn ń dà á sí i ṣáá ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ mi dé, mo jókòó ti káàdì yẹn, mo kọ òdo, òdo, òdo, títí dé ìsàlẹ̀. Mo tilẹ̀ pààrọ̀ bírò, kó má baà jọ pé ọjọ́ kan ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu ni mo ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó dé, àwọn ìgbín ti já bọ́ sísàlẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹja ti léfòó.

Ọkọ mi kọ́kọ́ lọ wo káàdì. Ó ní, "Omi kọ́." Ó wá wo yíká pálọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìkòkò turari. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá, èéfín yín ló pa wọ́n."

Ìyá ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé èéfín ń wọ omi."

Ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì ni mo wà. Mo gbọ́ ọ. Mo padà sídìí oúnjẹ ìṣínu.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra bátìrì yẹn. Mo ti mítà bọ omi ẹ̀rọ, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo pa á, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ra ẹja mìíràn, mo ní kó pààrọ̀ fílítà, pé ó ti pẹ́. Ó yìn mí pé mo lákìíyèsí.

Ìyá kò dúró ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pín gbogbo èròjà turari wọn fún àwọn obìnrin agboolé, wọn kò sì ṣe é mọ́. Tí wọ́n bá wá kí wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ kò tíì tán lára aṣọ àwọn, kó má baà tún pa nǹkan. Ẹja tuntun wà ní pálọ̀, ìyá ọkọ mi wà níta.

Lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, wọ́n wá dágbére. Wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ máa ń kọ́kọ́ kárí gbogbo èèyàn rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú lórí ẹní yẹn. Wọ́n ní, "Aya mi, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run, ọ̀hún ni màá ti tọrọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ èèyàn, ilé la ti ń yanjú ẹ̀. Ọkọ ẹ ti forí jì mí. Ìwọ lo pọnmi fún ẹja yẹn pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, tí mo wá ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Forí jì mí."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ìyá, mo ti forí jì yín."

Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ṣàdúà fún mi títí wọ́n fi dé ẹnu géètì.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ gbèsè àforíjì yẹn, èmi náà ni mo tún ń pín in. Ẹ̀rù ọkọ mi ń bà mí, mi ò ní parọ́. Tí mo bá sọ ọ́, kò ní gba nọ́ńbà kankan gbọ́ lọ́wọ́ mi mọ́ láéláé. Tí mi ò bá sọ ọ́, arúgbó á lọ dúró lórí òkè Àráfà, á máa sunkún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Wọ́n ní kí n wá bá àwọn di ẹrù lọ́jọ́ Sátidé, torí èmi ni aya tí àwọn fọkàn tán. Mo máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, tí mo bá kúnlẹ̀ tán, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?