Òpó Tí Àgùntàn Fi Ń Họra

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí gbogbo ẹbí jókòó. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ó ti wúwo jù. Agúntáṣọọ́lò, má dìde. Èmi tí mo fún ọ ní orúkọ yẹn lọ́jọ́ tí mo wọlé ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi náà ni mo ba agbo àgùntàn rẹ jẹ́. Kì í ṣe ojú ọjọ́, kì í ṣe koríko. Èmi ni. Ìyàwó, ìwọ tí mo ránṣẹ́ pè láti ibi tí ọkọ rẹ yìí lé ọ lọ, sún mọ́ mi. Tìrẹ ló burú jù nínú rẹ̀, màá sì débẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi kú, omijé ojú mi ò tíì gbẹ tí àbúrò rẹ̀ yìí fi da gbogbo agbo lọ sí ọgbà tirẹ̀. Àgùntàn tí èmi àti ọkọ mi jọ sìn, tí mo máa ń di ẹsẹ̀ wọn mú kó lè gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin ò lè da ẹran. Mú abo gbígbẹ yẹn, máa fi ṣeré." Kúrúnà ti jẹ ẹ̀yìn abo náà dé ìrù. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Wọ́n ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé, ṣùgbọ́n èmi ò ṣàròyé rárá. Mo jókòó ti àgùntàn mi nílé, mò ń wò ó bó ṣe ń fi ògiri họra.

Ọkọ mi ti kọ́ mi pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fa kúrúnà àgùntàn. Kòkòrò ni, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, bí irun bá sì já, ó lè wà láàyè nínú irun náà fún ọjọ́ mélòó kan. Mo fa irun ẹ̀yìn ẹran mi ní ẹ̀kúnwọ́, mo fi há abẹ́ ìró, mo sì lọ kí Agúntáṣọọ́lò lọ́sàn-án gangan. Òpó kan wà láàárín ọgbà rẹ̀ tí gbogbo àgùntàn fi ń họra. Bó ṣe wọlé lọ bu omi fún mi, mo ti irun náà bọ gbogbo ibi tó ti là lára òpó. Ó gbé omi dé, mo mu ún tán, mo ṣàdúrà fún un. Ẹnu tí mo fi ṣàdúrà náà nìyí.

Kò pẹ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Irun ń re, awọ ń di èépá, wọn ò jẹun mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an ni. Ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú èmi tí mi ò lè da ẹran. Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, dákun, gbà mí." Mo gún wọn lábẹ́rẹ́, ara wọn sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í pa ẹyin kòkòrò. Ó yẹ kí a tún wọn gún lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ẹyin bá ti di kòkòrò, kí a sì kó wọn kúrò nínú ọgbà náà. Mo mọ̀ dáadáa. Mo ní, "Ó ti tán. Dá wọn padà sí àyè wọn." Wọ́n padà sídìí òpó.

Nígbà tí kúrúnà tún dé, Agúntáṣọọ́lò búra pé òun máa mọ ẹni tó gbé e wọlé. Ìyàwó, o rántí àgbò tí o fà wá láti ilé bàbá rẹ. Ọkọ rẹ bi mí níwájú rẹ pé, "Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹran. Ṣé àgbò yìí ni?" O wò mí. Ìwọ tí o máa ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún mi, tí o ń pè mí ní Ìyálé mi nígbà tí gbogbo ilé ò kí mi mọ́. Àgbò náà mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ọjọ́ tó dé ni mo ti rí i tó ń họra." Ó kó ẹrù rẹ síta, ó lé ìwọ àti àgbò náà jáde. O ní, "Ìyálé mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ sọ òótọ́." Mo gbójú kúrò. Ọ̀dájú ni mí. Mo rò pé tí ilé tirẹ̀ náà bá tú, ọkàn mi á balẹ̀. Ilé tú, ọkàn mi ò balẹ̀.

Agúntáṣọọ́lò, mi ò bẹ̀ ọ́. Ẹran tí mo bà jẹ́, ti ọkọ mi ni. Mo mọ ohun tó mú ọ jókòó tì mí láti àárọ̀: àwọn àgùntàn tó ń ké lẹ́yìn ilé mi. Abo gbígbẹ yẹn, mo gún un lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e kúrò nídìí ògiri, mo sun gbogbo irun tó já sílẹ̀. Àgbò tí o lé jáde, tí ìyàwó rẹ ò rí fà lọ nínú ẹkún, èmi ni mo fà á mọ́lé. Òun ni bàbá gbogbo wọn. O rò pé tí mo bá kú, wàá tún dà wọ́n lọ. O ò ní fọwọ́ kan ọ̀kan. Ìyàwó ló ni wọ́n, gbogbo ẹbí sì ti gbọ́.

Ìyàwó, èyíkéyìí tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé, yà á sọ́tọ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ ìyókù, abẹ́rẹ́ kan ò sì tó. Má jẹ́ kí ọkùnrin yìí wọ ọgbà rẹ, òpó yẹn ṣì wà nílé rẹ̀, kò tíì hú u. Ẹnu tí mo fi tú ilé rẹ ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Tí o ò bá lè dárí jì mí, má purọ́ pé o ti ṣe é torí pé mò ń kú lọ. Ṣáà da ẹran rẹ lọ lónìí, kí n gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí, kí òun náà sì gbọ́ ọ.