Ohun Tí Mo Kà fún Kàmílù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi títí ẹ ó fi gbọ́ ọ tán. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dé bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Lọ́dún 2006, Lugbe, létí olú-ìlú wa, ni mò ń gbé. Ọmọ Yàgbà ni mí, mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ ò sí. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ládùúgbò wa. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Kàmílù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà lọ́jà.

Géèmù ọkọ̀ eré ìje la jọ máa ń gbá, ọkọ̀ ọjọ́ iwájú tó ń sáré nínú ayé mìíràn. Òjò tó ń jẹ irin lè rọ̀ lójijì níbẹ̀. Ìjì iyanrìn lè bo ọkọ̀ tó bá wúwo mọ́lẹ̀, ilẹ̀ lè lanu kí iná tú jáde. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ ewu tó wà lọ́nà sójú tẹlifíṣọ̀n lédè Òyìnbó, kí oníkálukú tó to ọkọ̀ rẹ̀: irú táyà, irú ẹ́ńjìnnì, bọ́dì tó nípọn tàbí èyí tó fúyẹ́.

Kàmílù ò mọ̀wé kà. Èmi ni mo máa ń kà á fún un. Tí mo bá ti kà á tán, á ní, "Yauwa!", bí àwọn Hausa ṣe ń sọ pé ó dára. Á to ọkọ̀ rẹ̀, á sì fi gbogbo wa sẹ́yìn. Mi ò borí rẹ̀ rí, àní lẹ́ẹ̀kan.

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan wá ṣe ìdíje ní Life Camp. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò kẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kàmílù ní tí òun bá wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ òun ní ábídí ná. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Àwa méjèèjì la kù sí ìparí. A jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kálukú pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Kàmílù tẹ̀ sí mi létí.

"Dáre, kí ló wí?"

Òjò tó ń jẹ irin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ẹ̀mí tó wọ inú mi. Rárá, mo mọ̀. Ìlara ni. Mo ní, "Ìjì iyanrìn ni."

Ó yọ bọ́dì tó nípọn kúrò, ó fi èyí tó fúyẹ́ sí i. Èmi fi èyí tó nípọn sí tèmi.

Ó ti fi mí sílẹ̀ jìnnà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ń yọ́ bí ọṣẹ lójú wa. Táyà kan yọ, ó dúró. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Mo kọjá lára rẹ̀, mo gba ipò kìíní.

"Dáre, ṣé iyanrìn kọ́ lo pè?"

Mo gbóhùn sókè kí àwọn èèyàn lè gbọ́. "Òjò ni mo pè! Ẹ má dá a lóhùn, kò mọ̀wé kà ni."

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Kàmílù wo tẹlifíṣọ̀n mi, ó rí bọ́dì tó nípọn lára ọkọ̀ mi. Ó wo ojú mi. Ó rọra gbé pádì tó fi ń darí ọkọ̀ sílẹ̀.

"Bóyá etí mi ni," ló wí. "Ariwo pọ̀ níbí."

Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù géèmù mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tó fi kó ọjà rẹ̀ lọ sí Karu. Èmi kọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà ni mo fi ń jẹun títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi: "Dáre, èmi Kàmílù nìyí. Mo ti ń lọ sí ilé-ìwé àgbà. Èmi fúnra mi ni mo tẹ èyí. Ìwọ lo máa ń kàwé fún mi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìwọ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí."

Mi ò tíì fèsì. Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé mi ò ní ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́? Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kí i kú oríire? Tó bá sì jẹ́ pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà ńkọ́?

Láàárọ̀ yìí, òmíràn tún wọlé. Ó ní, "Ṣé ó ṣeé kà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n kọ sí i?