Ìsọ̀ Tí Wọ́n Gbá Sílẹ̀ Dè Mí Nínú Iná

Mo rí àwọn ènìyàn nínú iná, ẹ̀yin ará, tí wọn kò rántí orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n mọ́. Orúkọ olórúkọ ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀.

Akọ̀ròyìn ni èmi tí mò ń jẹ́rìí yìí, ẹ mọ̀ mí. Ọjọ́rú tó kọjá ni, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán. Ẹ̀yin ti lọ sílé. Mo ní kí n sinmi díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, oorun sì gbé mi lọ.

Arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú. Kò kí mi. Ó ní, "Ohun tí o bá rí ni kí o sọ. Má fi kún un."

A kọjá lọ́dọ̀ àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn ń jó láì tán. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn alágbèrè tí wọ́n so pọ̀ ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, àti àwọn aninilára tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wo ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni a dé ọjà kan. Pátákó orúkọ wà lókè ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èrò ń wọ́ bọ̀, wọ́n ń pe orúkọ tó wà lára pátákó, ẹni tó wà nínú ìsọ̀ sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Bó bá ti la ẹnu báyìí iná á yọ lẹ́nu rẹ̀, kó tó pa ẹnu dé ẹlòmíràn ti pè é, á tún dáhùn, iná á tún yọ, wọn kò jẹ́ kó mí, wọn kò jẹ́ kó mí!

Mo ní, "Bàbá, ta ni wọ̀nyí?"

"Àwọn tó sáré fi orúkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní àfi kí olórúkọ wá bẹ àwọn."

Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá akọ̀ròyìn! Ẹ káàbọ̀ o! Ọ̀nà yín la ti ń wò. A ti gbá ìsọ̀ yín. Omi nìkan la kò rí wọ́n sí i."

Mo wòkè. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ìsọ̀ náà ni: ÒGÌ MỌ́RẸ́NIKẸ́.

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ ló jókòó sí ìlà kẹta yẹn láàárín yín. Ògì ọmọ ọwọ́ ló ń ṣe. Nígbà tí mo lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún ìwé ìròyìn wa, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má tíì gbé orúkọ yẹn jáde o, n kò tíì fi í sílẹ̀ lórúkọ mi. Orúkọ ọmọ mi tó kú ni. Mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣì máa pè é." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. N kò tíì délé tí mo ti fi fóònù mi fi orúkọ náà sílẹ̀ bí ẹni pé tèmi ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ ló ni àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ilẹ̀kùn tí oníbàárà ń gbà wọlé. Gbogbo ẹni tó bá ń wá Ògì Mọ́rẹ́nikẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ mi ni yóò já sí. Mo fi ilẹ̀kùn náà háyà fún ọkùnrin kan tí n kò rí rí. Ó gbé àwòrán ike ògì ìyá yìí síbẹ̀, ó ń ta ìyẹ̀fun ògì tó ti bàjẹ́ fún àwọn abiyamọ.

Arúgbó náà fà mí gòkè. Ibẹ̀ tutù. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi, àfi ọmọdébìnrin kan tó ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, á wo ìta, á padà. Kò tíì jókòó tán, á tún dìde.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe é.

"Wọ́n ń pè mí," ó ní. "Mo máa ń rò pé màmá mi ni. Bí mo bá débẹ̀, ìyá ọlọ́mọ mìíràn ni, ó ń sunkún pé ọmọ òun ń bì. Ta ló ń rán wọn sí mi, sà?"

Arúgbó náà wò mí. Ó ní, "Ìsọ̀ yẹn kò tíì ní ẹni nínú." Mo sì jí.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń fi orúkọ olórúkọ pamọ́ láàárọ̀ yìí, kó dá a padà kí oorun tó tún gbé e.

Lọ́jọ́ kejì àlá náà mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ti bá mi ti ilẹ̀kùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Akọ̀wé wọn ní bí Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ bá ti tọwọ́ bọ ìwé tí mo mú dání yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, orúkọ ọmọ rẹ̀ di tirẹ̀. Mo wá bi í nípa àwọn ọmọ tó ti mu ìyẹ̀fun náà.

Ó yẹ orí tábìlì rẹ̀ wò. Ó ní, "Ọ̀gá, a kò ní fọ́ọ̀mù fún ìyẹn."